Dókítà Tó Ń Yọ́ Wàrà Jẹ

Bí ẹ bá pàdé Ọládiípọ̀ lónìí, tí ẹ sì béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò sọ fún yín pé kòkòrò inú oúnjẹ lòun ń wò. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, pé òun ni ọkùnrin tí gbogbo Ọjà'ba fi ṣe ẹlẹ́yà nítorí wàrà. Ó fẹ́ràn kó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó bá òun sọ ọ́.

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti di máíkì mú rí, tí ohùn ara rẹ̀ sì dùn mọ́ ọn létí, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Pópó Yemọja ni wọ́n ti bí Ọládiípọ̀, nínú ilé tíṣà ìjọ Áńgílíkà. Ó kàwé nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó máa ń wà nínú oúnjẹ, èyí tó ń ṣe wá lóore àti èyí tó ń ṣe wá ní jàǹbá. Ibi àyẹ̀wò oúnjẹ aládàáni kan ní Agodi ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá tàbí jùúsì tàbí búrẹ́dì bá gbé ọjà wọn wá, òun ni yóò bù díẹ̀ níbẹ̀, yóò fi sínú àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ti po oúnjẹ kòkòrò sí, yóò tì í sínú àpótí olóoru, yóò wá máa dúró de ohun tí yóò hù jáde. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Agodi. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun, yóò béèrè ìgbà tí wọ́n se ìrẹsì. Yóò gbé ọwọ́ lé ara kúlà kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná. Nílé àwọn àna rẹ̀, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀, wọn yóò sáré da aṣọ bo ìkòkò.

Evelyn, ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni ní ilé ìwé kan ní Bẹẹrẹ. Kò sí ohun tí Evelyn fẹ́ràn tó wàrà díndín. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó tó ra wàrà wálé lọ́jọ́ kan, Ọládiípọ̀ sì jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ nípa ọwọ́ tó fún wàrà, nípa eṣinṣin, nípa omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí, títí Evelyn fi rọra gbé àwo náà sílẹ̀. Kò jẹ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní òun ò lè máa jẹ nǹkan kí ọkọ òun sì máa wo òun bí ẹni tó ń wo òkú.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí rédíò fi dé.

Jemima ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń ṣe atọ́kùn ètò kan láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, "Ṣé Ó Ṣeé Jẹ?" lorúkọ ètò náà. Ó pe Ọládiípọ̀ kó wá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kí i káàbọ̀ lórí afẹ́fẹ́ pé, "Dókítà Ọládiípọ̀." Ọládiípọ̀ kò tíì gba oyè dókítà. Ìwé oyè náà ló ṣì ń kọ, ó sì ti ń kọ ọ́ tipẹ́. Ó la ẹnu láti ṣàtúnṣe, ó wá rí i pé oyè náà bá ohùn òun mu. Ó pa ẹnu dé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ohùn tó máa ń lò lórí rédíò, ohùn nínú ikùn, tó máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn bíi bíṣọ́ọ̀bù tó ń kéde ìyípadà àlùfáà. Evelyn ní tóun ò bá mọ̀ ọ́n, òun ì bá rò pé baba àgbàlagbà kan ni.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin kan pè wọlé.

"Dókítà, ẹ káàárọ̀ sà. Wàrà tí wọ́n ń dín yìí ńkọ́? Ṣé ó ṣeé jẹ?"

Ọládiípọ̀ dáhùn dáadáa. Ó ní bí ọwọ́ ẹni tó ṣe é kò bá mọ́, tí wọ́n sì jẹ́ kí wàrà tútù pẹ́ nínú oòrùn, kòkòrò kan lè ti tu májèlé sínú rẹ̀, iná sì lè pa kòkòrò náà, síbẹ̀ kí májèlé rẹ̀ má kúrò. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tó bá dúró síbẹ̀, n kì bá tí ní ohun tí mo fẹ́ rò fún yín.

Jemima tẹ̀ síwájú níbi ìjókòó rẹ̀. "Dókítà, ṣé ẹ ti yẹ wàrà wò níbí, nílùú Ìbàdàn yìí?"

Ìgbà kan ṣoṣo tí Ọládiípọ̀ yẹ wàrà wò láyé rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọjà ìlú míràn ló ti rà á, tútù ni wọ́n sì tà á fún un. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Jemima, ó rí i bí iná tẹlifóònù ṣe ń ṣẹ́jú lára ògiri. Ó ní gbogbo Ìbàdàn ló ń fetí sí òun lákòókò yẹn, òun ò sì fẹ́ já wọn kulẹ̀.

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò," ló wí. "Èyí tí wọ́n ń dín lẹ́sẹ̀ òkè Mápó yẹn. Ohun tí mo rí nínú àwo lọ́jọ́ náà, mi ò ní lè sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, torí àwọn èèyàn ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́."

Jemima rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìpè kún orí fóònù. Ọládiípọ̀ ń súfèé nínú mọ́tò dé Agodi.

Kò pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn gé ọ̀rọ̀ náà síbi tó ti ta jù, wọ́n fi ń ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù. Ó kọjá láàárín àwọn ìyá Ìjọ, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò aṣọ ní Gbági. Àbúrò Ọládiípọ̀ fi ránṣẹ́ sí Ọládiípọ̀ fúnra rẹ̀, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ ṣọ́ra fún wàrà o."

Ìgbà yẹn ni àyà rẹ̀ já. Bí ẹnìkan bá ní kó mú èsì àyẹ̀wò náà jáde ńkọ́? Ó ronú títí, ó wá pinnu láti lọ sí Mápó lọ ra wàrà, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni pé òun fẹ́ lọ wá òtítọ́ tí yóò bá irọ́ òun mu.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Misbaudeen ló ń dín wàrà lẹ́sẹ̀ òkè náà, nítòsí àtẹ̀gùn. Kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ púpọ̀, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, fìlà funfun kan kì í kúrò lórí rẹ̀. Wàrà kún inú àpótí onígíláàsì rẹ̀. Kò sí oníbàárà kankan níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán sà," ni Misbaudeen wí, ó sì dìde. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀. Kí ni kí n máa pè yín?"

"Joseph," ni Ọládiípọ̀ wí. Òun ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ó fi kún un pé aṣọ lòun ń tà ní Gbági.

Ó ra díndín, ó tún ra tútù. Ó gbé wọn lọ sí Agodi bí ẹni gbé ẹyin, ó sì ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe. Nígbà tó ṣí àpótí olóoru, kò rí ohun tó ń wá. Àwo náà dá wáí. Kòkòrò díẹ̀ tí kò ní jàǹbá ló wà nínú ti tútù, irú èyí tó máa ń wà nínú wàrà èyíkéyìí. Kò sí nǹkan kan nínú ti díndín. Ó wá májèlé títí, kò rí i.

Ó padà lọ rà á láàárọ̀, ó lọ rà á nírọ̀lẹ́ nígbà tó yẹ kó ti bàjẹ́. Bákan náà ni. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó bínú sí wàrà náà bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà ní kóòtù.

Ibẹ̀ ló wà, kò tíì jẹun ọ̀sán, nígbà tó rí ẹyọ wàrà kan tó ṣẹ́ kù nínú bébà. Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ẹni tó tún mọ̀ ju òun lọ ní gbogbo ayé pé kò ní ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó gé e jẹ.

Òde ara wàrà náà le díẹ̀, ó wá rọ̀ nínú bíi tìmùtìmù. Iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ata náà kò sáré, ó rọra ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọládiípọ̀ jókòó sórí àga gíga inú iyàrá àyẹ̀wò, ó dijú.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà sẹ́sẹ̀ òkè Mápó. Kò mú ike àyẹ̀wò kankan dání.

Ẹ jẹ́ n má ṣe purọ́ mọ́ ọn, ó gbèrò láti sọ òtítọ́. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bọ́ sórí afẹ́fẹ́, Jemima fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dókítà, ọ̀rọ̀ wàrà yẹn ló sọ ètò wa di ńlá. A ti rí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ wa. Wọ́n ní ká ṣe é ní gbangba, níwájú Mápó, kí gbogbo èèyàn wá."

"Jemima, nípa wàrà yẹn," ni Ọládiípọ̀ wí.

"Ẹ tún mẹ́nu bà á lónìí, sà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀."

Ó tún mẹ́nu bà á. Ó fi ohùn bíṣọ́ọ̀bù sọ pé kí wọ́n má gbàgbé ohun tí òun sọ nípa wàrà ẹsẹ̀ òkè. Nígbà tó di ọ̀sán, ó fa fìlà wálẹ̀ bo ojú, ó lọ jẹ ẹ́.

Ó ti ní ìjókòó tirẹ̀ níbẹ̀, àpótí kékeré kan lẹ́yìn gíláàsì, tó kọjú sí ògiri. Misbaudeen gbà pé ìtìjú ló ń ṣe Bọ̀dá Joseph láti máa jẹun níta. Ó máa ń fi ènì sí i fún un, èyí tó bá dín dáadáa jù lọ. Nígbà tí kò sí oníbàárà míràn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Misbaudeen sọ fún un bí ìyá òun ṣe kọ́ òun ní iṣẹ́ náà, bí òun ṣe ń lọ pàdé àwọn obìnrin Fúlàní lọ́nà Mọ́níyà kí ilẹ̀ tó mọ́ kí mílíìkì má bàa pẹ́, bí òun ṣe ń fún omi ewé bọmubọmu sí i lórí iná kó lè dì. Ó sọ pé ìyàwó òun ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà, títí ọjà yóò fi dára. Ó ní òun ń rò ó láti ta gíláàsì náà, kí òun gba ọ̀kadà.

"Dókítà orí rédíò yẹn," ló wí lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí?"

"Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀," ni Ọládiípọ̀ wí.

"Èmi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá tan rédíò, n ó dìde. Irú èèyàn wo ni?"

Ọládiípọ̀ kọ́kọ́ gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "Wọ́n ní ó kàwé."

"Ó dájú pé ó kàwé. Ẹni tí ò kàwé ò lè bà mí jẹ́ tó báyìí." Misbaudeen fi ṣíbí ńlá yí wàrà inú epo padà. "Mi ò ṣépè fún un. Mo kàn fẹ́ kó wá jẹ ẹyọ kan péré, kó wá sọ ohun tó ṣe é."

Ọládiípọ̀ wo ẹyọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ojú ti òun débi pé òun fẹ́ gbé e jù nù. Ó ní òun jẹ ẹ́ tán ni.

Nílé, Evelyn ti ń fura. Ọkọ rẹ̀ kì í jẹun alẹ́ dáadáa mọ́. Ó ń jẹ súwíìtì olóòórùn kó tó wọlé. Hánkáṣíìfù rẹ̀ ń yọ̀ fún epo, òórùn ata sì ń bọ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Dádì Iyì," ni Evelyn wí, ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, "ta ni obìnrin náà?"

"Obìnrin wo?"

"Èyí tó ń bọ́ yín."

Títí dòní ni Ọládiípọ̀ máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín ara rẹ̀: ó rò ó wò nínú ara rẹ̀ bóyá kí òun gbà pé obìnrin ni. Lójú rẹ̀ lákòókò náà, ó jọ pé ìyẹn ni yóò rọrùn fún Evelyn láti dárí jì.

"Kò sí obìnrin kankan," ló wí, Evelyn sì kó aṣọ náà, ó wọ iyàrá lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí ètò gbangba náà yóò wáyé ni Misbaudeen gbé àpótí tirẹ̀ súnmọ́ tirẹ̀.

"Bọ̀dá Joseph, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Dókítà yẹn ń bọ̀ níwájú Mápó níbí. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè wá rò ó. Mo fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́? Gbogbo oníbàárà mi ti sá. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tẹ́ ẹ lè jẹ́rìí. Ẹ bá mi wá síbẹ̀."

Ọládiípọ̀ fi hánkáṣíìfù nu epo ọwọ́ rẹ̀. "N ó wà níbẹ̀," ló wí.

Nínú gbogbo ohun tó bá Misbaudeen sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́.

Ó sọ fún Jemima pé ibà ń ṣe òun. Jemima ní wọ́n ti ta àtíbàbà, wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sára aṣọ, ìyá òun gan-an ń bọ̀. Ó wá wọ agbádá tó tóbi jù ú lọ, ó wọ awò dúdú, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí ibà tó fi purọ́ yẹn mú Misbaudeen.

Èèyàn pọ̀ lọ́jọ́ náà. Oòrùn ń mú ganrínganrín. Ìdí tábìlì gíga ni Ọládiípọ̀ jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jemima, Evelyn sì wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa omi, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹran. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó ti ń rò pé òun ti bọ́ nígbà tó rí fìlà funfun tó ń bọ̀ láàárín èrò.

Misbaudeen gbé kúlà kan dání. Wọ́n fún un ní máíkì. Ó gbé kúlà náà sílẹ̀, ó di máíkì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Misbaudeen lorúkọ mi. Èmi ni mò ń dín wàrà ní kọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn. Mi ò wá jà. Mi ò mọ ohun tí Dókítà rí nínú àwo, torí mi ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní oníbàárà kan tí kò fi mí sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń jẹ wàrà mi, nǹkan kan ò ṣe é. Bọ̀dá Joseph ni. Ó ní òun yóò wá. Bọ̀dá Joseph, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín."

Ẹnikẹ́ni kò dìde. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Misbaudeen ń wo ìlà kan dé ìkejì, ojú rẹ̀ sì ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Òógùn ti bo Ọládiípọ̀ lójú débi pé kò ríran mọ́. Láìronú, ó bọ́ awò náà láti nù ún.

Misbaudeen rí i. Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé.

"Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́," ló wí nínú máíkì. "Ẹ wò wọ́n láàárín àwọn ẹni ńlá. Ẹ̀yin ará, Bọ̀dá Joseph nìyẹn. Mo sọ fún yín pé wọn ò ní já mi kulẹ̀."

Jemima wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ dákun, ta lẹ ń pè ní Joseph? Dókítà Ọládiípọ̀ nìyí."

Misbaudeen bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn wà tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ó tún wo Ọládiípọ̀. Ọwọ́ tó fi di máíkì mú rọra ń lọ sílẹ̀ títí ó fi kan itan rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rédíò kò ṣòro fún Jemima. "Dókítà," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "àbí ìwádìí abẹ́lẹ̀ lẹ lọ ṣe?"

Ó dà bíi pé Jemima ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Ọládiípọ̀ sáré gba ibẹ̀ wọlé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ìwádìí abẹ́lẹ̀ ni."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni Evelyn dìde ní ìlà iwájú, ó na ọwọ́, ó gba máíkì lọ́wọ́ Misbaudeen bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tó ti rẹ̀.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí," ló wí. "Kí ni ìwádìí náà fi hàn?"

"Ó mọ́," ni Ọládiípọ̀ wí. Ohùn bíṣọ́ọ̀bù náà ti lọ.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ó mọ́?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ṣé kẹ́ ẹ tó tún kìlọ̀ fún wa lórí rédíò ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Kí n tó tún kìlọ̀ ni."

"Ẹ ti mọ̀ pé ó mọ́. Kí lẹ wá tún ń lọ ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́?"

Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí hánkáṣíìfù, ó rí súwíìtì, ó rí i pé obìnrin yìí ti mọ ìdáhùn kó tó béèrè.

"Mò ń lọ jẹ ẹ́ ni," ló wí.

Láti ẹ̀yìn ni ẹ̀rín náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláàárù tó dúró lábẹ́ igi ló kọ́kọ́ rín in, ó sì ń yí bọ̀ wá síwájú títí àwọn tíṣà fi ń di ara wọn mú. Baba kan ṣí fìlà rẹ̀, ó ń fi lu orúnkún. Ọládiípọ̀ ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀rín náà ni òpin rẹ̀, òun ì bá bá wọn rín in, kí òun sì lọ sílé.

Ṣùgbọ́n Evelyn kò rẹ́rìn-ín, Misbaudeen náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn dúró ti kúlà rẹ̀.

Ọládiípọ̀ fa máíkì súnmọ́ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í ní èyí tó fẹ́ sọ yìí. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí rédíò," ló wí, "mi ò tíì yẹ wàrà rẹ̀ wò rí. Mi ò tíì fojú kan ọmọkùnrin yìí rí. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Ẹ̀rín dá. Jemima ní kí wọ́n gbé orin sí i.

Wọ́n gba ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní Agodi kò lé e, ṣùgbọ́n ó ní láti ọjọ́ náà lọ, àyẹ̀wò yòówù kí Ọládiípọ̀ ṣe, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ níṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìyẹn. Ọmọbìnrin náà máa ń bẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, èyí sì ń dùn ún ju pé kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Ní ti ìnagijẹ, "Dókítà Wàrà" ni. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àlùfáà ń wàásù nípa ìdánwò, gbogbo ìjọ sì yí ojú sí ìlà tirẹ̀.

Evelyn kò bá a jà. Ó kàn lọ ra wàrà ńlá, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́.

"Tó bá jẹ́ obìnrin ni," ló wí, "ǹ bá mọ bí n ó ṣe bínú. Gbogbo ọdún tí mo fi wò ó kọjá lọ́jà, tí mo ní ọkọ mi ò fẹ́. Ẹ wá ń dá jẹ ẹ́."

Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó tún pè é ní Dádì Iyì.

Ọjà Misbaudeen yí padà. Àwọn èèyàn ń wá láti Agodi, láti Gbági, wọ́n ń béèrè bóyá èyí ni wàrà tí Dókítà ń yọ́ jẹ. Kò ta gíláàsì rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ padà wálé láti Bẹyẹrúnkà, ó sì ń bá a gba owó lọ́wọ́ èrò.

Ọládiípọ̀ dúró títí tí èrò fi fọ́n ká lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá lọ bá a. Kò dé fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí púpọ̀. Misbaudeen fà á dìde kíá, ó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni, Misbau," ni Ọládiípọ̀ wí.

"Mo ti dárí jì yín sà. Láti ọjọ́ yẹn náà ni. Ẹ̀yin lẹ ba ọjà mi jẹ́, ẹ̀yin náà lẹ tún un ṣe. Ìyẹn ti tán."

"Ṣé mo lè jókòó?"

Misbaudeen wo àpótí kékeré ẹ̀yìn gíláàsì. Kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ máa bínú sà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, n ó tà fún yín bí mo ṣe ń tà fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Joseph ni mo máa ń bá jókòó. Bọ̀dá Joseph mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé mi. Ó máa ń gbọ́ mi títí n ó fi sọ ọ́ tán. Èmi ò mọ Dókítà."

Ọládiípọ̀ kí i, ó sọ̀kalẹ̀ lọ síhà Bẹẹrẹ láìra nǹkan kan.

Tó bá ń sọ ìtàn yìí, ibẹ̀ nìkan ni kì í ti í rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ó ní kí ẹ bá òun sọ fún gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ní gbangba pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò ó. Ó ní tẹ́ ẹ bá wá bi òun ní ohun tí òun pàdánù jù lọ, kì í ṣe rédíò, kì í ṣe oyè tí kò tíì jẹ́ tòun. Ọkùnrin tó ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì ni, tí kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, tó kàn ń jẹun, tó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó ní òun gan-an fẹ́ràn Joseph.